Ìfọ́n Kò Jẹ́ Kí N Lọ Wẹ Ọmọ Fúnmi

Bí ẹ bá ń ka èyí tí ẹ sì ń fi ọwọ́ kan họ ẹ̀yìn ọwọ́ kejì, ẹ má ṣe tijú. Èmi tí mò ń kọ ọ́ náà ti sinmi họ ara kí n tó parí gbólóhùn yìí. Kì í ṣe pé àìsàn náà ṣì ń bẹ lára mi o. Ẹni tí ìfọ́n bá ti mú rí, ara rẹ̀ kì í gbàgbé, ẹ sáà ti dárúkọ rẹ̀ ni gbogbo ara á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ín.

Aránṣọ ni mí ní Ọjà Ọba, ní Àkúrẹ́. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún, mo sì jẹ́ ẹni tí ìmọ́tótó ara rẹ̀ máa ń wú lórí. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ mi mọ̀ pé kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ tó fi jẹ dòdò kan aṣọ oníbàárà lójú mi kó lọ ní àlàáfíà. Ìdí nìyẹn tí mo fi ka àìsàn yìí sí ìwọ̀sí nígbà tó dé. Mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí sí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé ìfọ́n ló mú un, tó wá ń wo ọ̀tún wo òsì bóyá ẹnikẹ́ni gbọ́. Ẹ jókòó, ẹ jẹ́ ká jọ sọ ọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Àárín ìka ọwọ́ ló kọ́kọ́ ń yún mi, ó dé ọrùn ọwọ́, ó wá dé ìbàdí níbi tí mo máa ń so ìró mọ́. Lọ́sàn-án, mo lè fara dà á, iṣẹ́ kì í jẹ́ kí n rójú tiẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, tí ara bá sì ti móoru lábẹ́ aṣọ ìbora, ìjà bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo kọ́kọ́ ní ọyẹ́ ni. Mo yí ọṣẹ tí mo fi ń wẹ̀ padà. Mo ní àwọn léèsì olókùúta wẹ́wẹ́ tí mò ń rán lọ́wọ́ ló ń họ mí lára. Nígbà tí ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún ọkọ mi náà, òun ní ìdun ló wọ inú bẹ́ẹ̀dì. A gbé tìmùtìmù síta sínú oòrùn, a fín oògùn kòkòrò sí gbogbo kọ̀rọ̀ yàrá títí àwa fúnra wa fi ń wúkọ́. A kò rí ìdun kankan.

Ẹ jẹ́ kí n sọ àwa tí a jọ ń gbé ilé kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Àwa mẹ́ta péré ni. Èmi wà níbẹ̀, ọkọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀, ìyá rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Ìlú Àbò ni Màmá ń gbé tẹ́lẹ̀, oko ló fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣe. Nígbà tó ṣubú lójú ọ̀nà oko tí kò lè rìn dáadáa mọ́, a lọ gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Láti ìgbà náà, bí mo bá ti ọjà dé ní ìrọ̀lẹ́, mo máa ń yọ́ àdín díẹ̀, màá fi pa á lẹ́yìn, màá fi ra á ní apá àti ọwọ́ títí á fi máa tòògbé lórí àga. Kò sí ẹni tó ní kí n ṣe é. Màmá kì í dúpẹ́ púpọ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá pẹ́ ní ọjà, ẹ ó bá a lẹ́nu ọ̀nà tó ń wo títì.

Fúnmi, ọmọ mi obìnrin, wà nílé ọkọ ní ìlú Oǹdó. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tó ti ń wá ọmọ, Ọlọ́run wá ṣe é, ó lóyún. Ẹ̀yin náà mọ bí a ṣe ń ṣe é nílẹ̀ yìí. Bí ọmọ ẹni obìnrin bá bí àkọ́bí, ìyá rẹ̀ ni yóò lọ wẹ ọmọ náà. Ìyá mi ló wẹ Fúnmi fún mi. Ó kọ́ mi bí a ṣe ń na apá àti ẹsẹ̀ ọmọ, bí a ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbígbóná rọra tẹ orí rẹ̀, bí a ṣe ń fi òrí pa á títí á fi máa dán. Mo ti ra kànìnkànìn tó rọ̀, mo ti fi òrí pamọ́, mo ti sọ fún àwọn oníbàárà mi pé bó bá di ìgbà báyìí, kí wọ́n má wá mi, mo ń lọ sí Oǹdó. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé mò ń lọ wẹ ọmọ. Ọwọ́ tí mo sì fẹ́ fi wẹ ọmọ ni ó ń yún mi yìí.

Ní ọjọ́ kan, mò ń wọn obìnrin kan fún búbà, mo ti fi téèpù yí i ní àyà, ó wá di ọwọ́ mi mú. Ó béèrè ohun tó ṣe mí láàárín ìka. Mo ní áyọ́ọ̀nù ló jó mi. Obìnrin náà gba aṣọ rẹ̀ padà lọ́wọ́ mi, ó ní òun ṣì fẹ́ ro irú àrà tí òun fẹ́. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń wọ aṣọ ọlọ́wọ́ gígùn nínú oòrùn Àkúrẹ́. Àwọn ọmọ ìkọ́ṣẹ́ ni mo ní kí wọ́n máa wọn àwọn èèyàn, èmi á jókòó sẹ́yìn ẹ̀rọ, màá máa pàṣẹ fún wọn bí ọ̀gá ológun. Mo mọ̀ pé wọ́n ń sọ̀rọ̀ mi. Bí mo bá ti yọjú, ọ̀rọ̀ á yí sí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná.

Ní kẹ́míìsì tó wà lẹ́bàá ọjà, wọ́n ta ìpara kan fún mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ eléyìí dáadáa. Ìpara náà ṣiṣẹ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ara mi balẹ̀, mo ń kọrin nídìí ẹ̀rọ. Nígbà tó yá, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó sì lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó ti dé abẹ́ ọmú, ó ti dé àárín itan. Dókítà ló ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà pé irú ìpara bẹ́ẹ̀ máa ń pa yíyún lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n kì í pa ohun tó fa yíyún. Inú ìdákẹ́jẹ́ náà ni ohun tó wà lára mi ti ń pọ̀ sí i. Awọ ara mi sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó níbi tí mò ń fi í pa.

Àbúrò ọkọ mi, Dúpẹ́, tó ń gbé Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, wá gbé ẹrù oògùn dé. Dúpẹ́ fẹ́ràn mi, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ìfẹ́ rẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn mí. Ó gún ewé pọ̀ mọ́ ọṣẹ dúdú, ó ní kí n fi wẹ̀. Mo fi wẹ̀. Ó po imí ọjọ́ mọ́ epo, mo fi í para, mo ń rùn bí ẹyin tó bàjẹ́ láàárín àwọn aṣọ oníbàárà. Ará àdúgbò kan ní kí n da omi tí a fi ń sọ aṣọ di funfun sínú omi ìwẹ̀, mo ṣe é nítorí pé mo ti dé ibi tí n ò lè rò ó mọ́, ó sì jó mi débi tí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní balùwẹ̀ tí mo ń sunkún. Ẹ má dán ìyẹn wò. Ẹlòmíì ní ayé ló fi ránṣẹ́ sí mi nítorí ṣọ́ọ̀bù mi ń tà. Ọkọ mi kò bá wọn dá sí i, ó kàn ń họ ara tirẹ̀ nínú pálọ̀, á máa ṣe bí ẹni pé tẹlifíṣọ̀n ló ń wò.

Ní ìkẹyìn, mo gba ọ́sípítù ìjọba lọ. Ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tí mo fi dé ibẹ̀, àwọn èèyàn sì ti tò dé ẹnu géètì. Wọ́n gba káàdì, wọ́n ní kí a jókòó lórí bẹ́ǹṣì, a ń sún díẹ̀díẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pe orúkọ. Mo jókòó sí ìpẹ̀kun kí ara mi má baà kan ti ẹnikẹ́ni, gbogbo ìgbà tí obìnrin tó jókòó tì mí bá sì sún mọ́ mi, mo máa ń sún kúrò, títí ó fi kù díẹ̀ kí n jábọ́. Obìnrin náà bínú, ó rò pé mo ń gbéra ga. Ìgbà tí oòrùn ti kan àtàrí ni wọ́n tó pè mí.

Dókítà náà kéré sí Fúnmi lójú mi, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi mọ ohun tó ń ṣe mí. Ó ṣí àárín ìka mi, ó wo ọrùn ọwọ́ mi, ó ní ìfọ́n ni. Ó ní kòkòrò kan ni, ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, ó máa ń gbẹ́ ọ̀nà sábẹ́ awọ ara, á sì máa yé ẹyin síbẹ̀. Ó ní kò kan ìdọ̀tí rárá, ẹni tó ń wẹ̀ lójoojúmọ́ àti ẹni tí kì í wẹ̀ ni ó ń mú, ara tó bá ti fara kan ara fún ìgbà díẹ̀ ló ń gbà kọjá. Mo fẹ́ẹ̀ dì mọ́ ọn nígbà tó sọ pé kò kan ìdọ̀tí. Ó wá béèrè gbogbo ẹni tí a jọ ń gbé. Mo ní ọkọ mi. Ó ní ta ló tún kù. Mo ní ìyá ọkọ mi ni, ṣùgbọ́n ara kì í yún ìyẹn. Ó ní bó yún wọn, bí kò yún wọn, kí gbogbo ilé fi oògùn para ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà.

Mo dé ilé, mo sọ fún ọkọ mi. Ó wò mí títí, ó ní, "Ṣé ìwọ ló fẹ́ lọ sọ fún ìyá mi pé ó ní ìfọ́n?"

Ẹ̀yin tí ẹ jẹ́ ìyàwó ilé, ẹ gbà mí gbọ́, ẹnu mi kò lè gbé e. Ọmọ kékeré là ń sọ bẹ́ẹ̀ fún, ọmọ tó ń yí nínú erùpẹ̀. Ìyá ọkọ ẹni, àgbàlagbà tí gbogbo Ìlú Àbò ń kúnlẹ̀ kí, kí n wá gbé igò oògùn síwájú rẹ̀, kí n ní kó bọ́ṣọ? Lóòótọ́, àtẹ́lẹwọ́ Màmá ti nípọn, ó ti sán, abẹ́ èékánná rẹ̀ sì ti le bí èèpo igi. Mo ní ọwọ́ àgbẹ̀ ni. Mo tún ní ara àgbà ni, ara àgbà máa ń gbẹ. Èèpo wẹ́wẹ́ tó máa ń já sílẹ̀ lára rẹ̀ sórí aṣọ àga, èmi ni mò ń gbá a láràárọ̀, mi ò sì bi ara mi léèrè ohun tó jẹ́. Nítorí náà, èmi àti ọkọ mi nìkan la fi oògùn para. Oògùn náà funfun bí omi wàrà, ó sì ń ta bí ata níbi tí mo ti họ ara bó. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, bí mo ṣe wẹ̀ ẹ́ kúrò tán, mo yọ́ àdín, mo lọ fi pa Màmá lẹ́yìn gẹ́gẹ́ bí ìṣe mi.

Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ara wa balẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. A tún ra oògùn, a tún fi para, a tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo wá rò pé bóyá tèmi kì í ṣe èyí tí oògùn ń wò. Ilé náà há mọ́ mi. Bí mo bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, mò ń sá fún oníbàárà. Bí mo bá wà nílé, mò ń sá fún bẹ́ẹ̀dì. Mi ò bọ ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì mọ́, bí ìsìn bá ti fẹ́ parí ni mo ti máa ń jáde.

Inú èyí ni mo wà tí Fúnmi fi bímọ. Ọmọkùnrin. Ọkọ rẹ̀ ló pè wá láàárọ̀, ọkọ mi ń jó nínú pálọ̀, Màmá ń súre, èmi náà ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, mo sì ń wo ọwọ́ mi. Fúnmi gba fóònù. Ó ní, "Màmí, ìgbà wo lẹ ń bọ̀?"

Mo ní ibà ló ń ṣe mí, pé bí mo bá ti gbádùn. Nígbà tó tún pè lọ́jọ́ kẹta, mo ní ẹ̀yìn ló ń dùn mí. Lẹ́yìn náà, mo ní iṣẹ́ àwọn oníbàárà kan ló há mi mọ́lẹ̀, irọ́ tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ sì nìyẹn, nítorí ó gbà á gbọ́. Ó ní kò burú. Kò bi mí mọ́ láti ọjọ́ náà. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ, Dúpẹ́ ló lọ ṣojú wa. Nígbà tó dé, ó sọ fún mi pé ìyá ọkọ Fúnmi gbé àga kan sílẹ̀ fún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ìkókó, pé kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e títí wọ́n fi sọ ọmọ ní Ìyanu tí àlejò sì túká. Mo wọ yàrá lọ, mo ti ilẹ̀kùn. Mi ò tíì rí ohun tó dùn mí tó àga yẹn láyé mi.

Ọjọ́ kejì ni mo tún padà sí ọ́sípítù. Bẹ́ǹṣì kan náà, sísún kan náà. Dókítà náà rántí mi. Kò tilẹ̀ wo ọwọ́ mi lọ títí, ó kàn béèrè bóyá màmá ọkọ mi lo oògùn. Mo tẹ orí ba. Ó ní kí n ṣe àpèjúwe ọwọ́ wọn fún òun. Bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa àtẹ́lẹwọ́ tó nípọn, èékánná tó le, èèpo tó ń já sílẹ̀, èmi fúnra mi gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Dókítà ní ó jọ pé ìfọ́n náà ni, irú tó máa ń mú àgbàlagbà tí ara wọn kò lágbára mọ́. Ó ní ó lè má yún wọn rárá, síbẹ̀ kòkòrò tó wà lára wọn pọ̀ ju tèmi lọ fíìfíì, pé ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ tí mo bá fi àdín ra wọ́n lọ́wọ́, mò ń gba tuntun. Ó ní kí n gbé wọn wá.

Mo rìn láti ibẹ̀ títí dé ọjà, mi ò wọ kẹ̀kẹ́. Mò ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́. Gbogbo bí mo ṣe gbé e, èébú ló ń dà.

Ní ìrọ̀lẹ́, mo yọ́ àdín bí ìṣe mi, mo gbé e dé iwájú Màmá, ṣùgbọ́n mi ò fi ọwọ́ kàn án. Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Màmá, ìfọ́n ló ń ṣe mí. Dókítà ní oògùn mi kò ní jẹ́, àfi bí ẹ̀yin tí mò ń fọwọ́ kàn bá bá mi lò ó. Ẹ jọ̀wọ́, Màmá, ẹ bá mi lò ó, kí n lè lọ wẹ ọmọ Fúnmi."

Màmá máa ń fi ọwọ́ sábẹ́ ìró nígbà gbogbo, mo ti rò pé òtútù ni. Ó wá yọ ọwọ́ méjèèjì jáde, ó gbé wọn lé orúnkún, ó ń wò wọ́n.

"Ó ti pẹ́ tí mo ti mọ̀ pé ọwọ́ yìí ò da," ó ní. "Ẹ̀rù ló bà mí. Mo ní bí mo bá sọ ọ́, ẹ ó dá mi padà sí ulé, kí èmi nìkan máa jókòó. Ìwọ nìkan ni o ń fọwọ́ kàn mí, Ìyá Fúnmi. Bílẹ̀ bá mọ́ títí ó fi ṣú, kò sí ẹlòmíì. Mi ò fẹ́ kí ìyẹn náà bọ́ lọ́wọ́ mi."

Mo gbé orí lé e lẹ́sẹ̀, mo sunkún. Èmi rò pé mò ń bọ̀wọ̀ fún un, òun sì rò pé òun ń di ohun kan ṣoṣo tó kù fún òun mú. Àwa méjèèjì ti ara wa mọ́ inú àìsàn kan náà, a sì ń fi àdín pa á lójoojúmọ́.

Ọkọ mi gbé wa lọ sí ọ́sípítù. Yàtọ̀ sí oògùn fífi para, wọ́n fún Màmá ní oògùn oníhóró. Nígbà tó gbọ́ irú oògùn tó jẹ́, ojú rẹ̀ là. Oògùn náà ni wọ́n máa ń kó wá sí ọ̀dọ̀ wọn ní abúlé nítorí àrùn ojú tó ń wá láti ẹ̀bá odò, tí wọ́n á fi igi wọn èèyàn bó ṣe ga tó kí wọ́n tó mọ iye hóró tí yóò gbé mì. Ó sọ fún dókítà pé òun ti gùn ju báyìí lọ nígbà náà, kí wọ́n wo iye tí wọ́n máa fún òun dáadáa. Dókítà rẹ́rìn-ín, ó sì wọ̀n ọ́n lóòótọ́.

Ohun tí a ṣe nìyí, kí ẹ̀yin náà lè ṣe é. Ní ìrọ̀lẹ́ kan náà, gbogbo wa gé èékánná, a wẹ̀, a jẹ́ kí ara gbẹ, a fi oògùn para láti ọrùn dé àtẹ́lẹsẹ̀, a fi sí àárín ìka, abẹ́ èékánná, ìdodo, ibi gbogbo tí èèyàn lè gbàgbé. Ti Màmá kan orí pẹ̀lú nítorí irú tiwọn, dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀. Bí a bá fọwọ́, a ó tún fi síbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, a se gbogbo aṣọ àti aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì nínú omi gbígbóná, a sá wọn sínú oòrùn gangan. Èyí tí kò ṣe é fọ̀, a dì í sínú ọ̀rá, a so ó pa fún ọ̀sẹ̀ kan. Ọkọ mi ló fọ aṣọ Màmá fúnra rẹ̀, àwọn ará ilé kejì ń yọjú wò ó láti ojú fèrèsé, kò bìkítà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, a tún ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ti Màmá pẹ́ ju tiwa lọ. Ẹ má ṣe fún ìkókó tàbí aláboyún ní oògùn yín láìjẹ́ pé ẹ bi dókítà, tiwọn lè yàtọ̀.

Ìdẹkùn kan ṣì kù, òun ló sì fẹ́ẹ̀ mú mi padà. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ara ṣì ń yún mi. Mo ní ó tún ti dé. Mo ti gbé igò oògùn, mo fẹ́ tún fi para, mo wá sáré lọ sí ọ́sípítù. Dókítà yẹ̀ mí wò, ó ní kòkòrò ti kú, pé awọ ara ni kò tíì mọ̀, pé ó lè máa yún fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó gbàgbé, àti pé bí mo bá ń fi oògùn náà para lójoojúmọ́, oògùn gan-an ni yóò máa yún mi. Mo béèrè bóyá mo lè gbé ọmọ. Ó ní kí n máa lọ. Síbẹ̀ mi ò lọ lọ́jọ́ náà. Ẹ̀rù ti di ara mi.

Ìyá ọkọ Fúnmi ni mo kọ́kọ́ pè. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni, obìnrin tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń wà létò, mo sì bẹ̀rù rẹ̀ díẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un láìfi nǹkan kan pamọ́, mo sì ń retí kó ní kí n dúró sí Àkúrẹ́.

"Ìfọ́n?" ó ní. "Ìfọ́n lásán? Mo ti rò pé a ṣẹ̀ yín ni. Níbi tí mo ti ṣe tíṣà, gbogbo yàrá àwọn ọmọ ló máa ń mú, a ó tò wọ́n, a ó fi oògùn pa wọ́n. Ẹ máa bọ̀ jàre. Ọma yín ń retí yín."

Mo wọ mọ́tò Oǹdó ní ọjọ́ kejì. Fúnmi kò sáré pàdé mi. Ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó gba báàgì mi, ojú rẹ̀ kò kan tèmi. Ìyá ọkọ rẹ̀ ti sọ fún un, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù tó ti ń gbé pẹ̀lú irọ́ mi. Ìyanu sùn sórí apá rẹ̀, ó ti sanra, ó ti kọjá ọmọ tí à ń fi ọwọ́ gbá orí rẹ̀ mú. Mo dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá, ọwọ́ mi wà lẹ́yìn mi. Mo ní, "Fúnmi, mo tijú ni. Kì í ṣe iṣẹ́ ló dá mi dúró. Mi ò ní ohun tí mo fẹ́ràn jù ọ́ lọ." Mo wá na ọwọ́ méjèèjì sí i, mo ní kó yẹ̀ wọ́n wò.

Ó gbà wọ́n. Ó tú ìka mi wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó wo àárín wọn, ó yí àtẹ́lẹwọ́ mi padà, ó wo abẹ́ èékánná, bí èmi náà ṣe máa ń yẹ tirẹ̀ wò kó tó jókòó jẹun nígbà tó wà ní kékeré. Àpá dúdúdúdú ṣì wà níbi tí mo ti họ, ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ kàn án. Lẹ́yìn náà, ó gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́.

"Omi ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, Màmí," ó ní.

Mo jókòó sórí àpótí, mo na ẹsẹ̀, mo tẹ́ ọmọ náà lé e. Mo bu omi, ọwọ́ mi sì rántí iṣẹ́ rẹ̀.

Ó ti tó ọdún kan báyìí. Ara mi dá, ti ọkọ mi dá, àpá inú ìka mi ti fẹ́ẹ̀ parẹ́, mo ti padà ń fi ọwọ́ ara mi wọn àwọn oníbàárà. Àtẹ́lẹwọ́ Màmá ti rọ̀, wọn kì í fi ọwọ́ sábẹ́ ìró mọ́. Bí Fúnmi bá gbé Ìyanu wá sí Àkúrẹ́, ìdí àga Màmá ló máa ń dúró sí. Ní ìrọ̀lẹ́, bí mo bá yọ́ àdín, ọmọ náà á ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, á máa gbá a mọ́ Màmá lẹ́yìn, àdín á kán sílẹ̀ káàkiri. Màmá á sọ fún mi pé kí n jókòó, pé ọwọ́ Ìyanu rọ̀ ju tèmi lọ. Mo máa ń jókòó.